Ta Ni Ó Ni Ẹrù Náà? Ìtọ́jú Aláàbọ̀ Ara nínú Ìtàn Ìwáṣẹ̀, Òwe àti Eré-Oníṣe

Ìfáárà

Bí ìbéèrè nípa ipò aláàbọ̀ ara nínú lítíréṣọ̀ Yorùbá bá jáde nínú ìdánwò, ìdáhùn kan ni ó wọ́pọ̀ jù lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ a kọ ọ́ pé àwùjọ Yorùbá kì í ta aláàbọ̀ ara nù. Pé agbo ilé ni ó ń tọ́jú rẹ̀. Pé àwọn òyìnbó ni ó kó ilé ìtọ́jú olódi wọ ìlú, àti pé láti ìgbà náà ni àánú ti tán nílẹ̀. Olùkọ́ a sì fún un ní máàkì. Ìdáhùn náà dùn ún gbọ́, ó fi ìfẹ́ àṣà hàn, ṣùgbọ́n ìdajì òtítọ́ ni. Bí a bá yẹ ìtàn ìwáṣẹ̀, òwe àti eré-oníṣe wò fínnífínní, a ó rí i pé ìbéèrè tí ó jẹ àwọn ọlọ́gbọ́n àtijọ́ àti àwọn òǹkọ̀wé òde òní lógún kì í ṣe ti ilé tàbí ti ilé-ìwòsàn. Ìbéèrè wọn ni pé: ta ni ó ni ẹrù náà? Ta ni a dárúkọ pé yóò jí ní òru, tí yóò se oúnjẹ, tí yóò fọ aṣọ, tí yóò sì mú aláìsàn lọ́wọ́ dání? Níbi tí a kò bá ti dárúkọ ẹnì kankan, ilé lè di ẹ̀wọ̀n. Níbi tí a bá ti dárúkọ ẹni tí yóò ṣe é, ilé-ìwòsàn pàápàá lè di agbo ilé. Àpẹẹrẹ èyí wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ní Aro lẹ́bàá Abẹ́òkúta, ní ọdún 1954.

Amọ̀ Òrìṣà-ńlá

Ìtàn ìwáṣẹ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni ti Òrìṣà-ńlá, ẹni tí Olódùmarè fún ní iṣẹ́ kí ó máa fi amọ̀ mọ ara ènìyàn, nígbà tí Olódùmarè fúnra rẹ̀ ń fi èémí sí i. Ní ọjọ́ kan, Òrìṣà-ńlá mu ẹmu yó. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró mọ́; ó mọ abuké, ó mọ arọ, ó mọ afọ́jú, ó mọ àfín. Nígbà tí ojú rẹ̀ dá, ó rí ohun tí ó ṣe, ẹmu sì di èèwọ̀ fún àwọn tí ń sìn ín títí di òní. Àwọn tí ó mọ ní ọjọ́ náà ni a ń pè ní ẹni òrìṣà.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa ka ìtàn yìí sí àlàyé lásán nípa orísun àbọ̀ ara. Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́nà kìíní, ìtàn náà gba ẹ̀bi kúrò lọ́rùn aláàbọ̀ ara àti ìyá rẹ̀. Amọ̀kòkò ni ó ṣìṣe, ìkòkò kò jẹ̀bi. Lọ́nà kejì, amọ̀kòkò náà kò sá fún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Gbólóhùn ‘ẹni òrìṣà’ jẹ́ gbólóhùn ìní: ó ń sọ fún aráyé pé ẹni yìí ní olúwa, àti pé ẹni tí ó bá fi í ṣe ẹlẹ́yà yóò rí ìjà olúwa rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ìtàn náà kò sọ. Kò sọ ẹni tí yóò bọ́ ẹni òrìṣà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Òrìṣà-ńlá jáwọ́ nínú ẹmu. A kò gbọ́ pé ó gbé arọ lọ́wọ́. Èèwọ̀ bọ̀wọ̀ fún un, èèwọ̀ kò bọ́ ọ. Ewu mìíràn sì fara pamọ́ sínú ọ̀wọ̀ náà. Ohun tí a bá ti yà sọ́tọ̀ fún òrìṣà, ó rọrùn láti máa bẹ̀rù rẹ̀, ó sì rọrùn láti rò pé ìlú lè lò ó fún ètùtù. Ọ̀wọ̀ àti ìtanù lè jọ máa gbé inú orúkọ kan ṣoṣo. Aṣelámèyítọ́ tí ó bá rí ọ̀wọ̀ nìkan nínú ìtàn yìí kò tíì kà á tán.

Awòran àti Olómọ

Inú òwe ni ìbéèrè ẹni tí ó ni ẹrù ti kọ́kọ́ hàn kedere. Òwe mẹ́rin ni ó tó láti fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Èkíní ni pé a kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á. Ìwà ọmọlúàbí ni òwe yìí ń kọ́ni, ṣùgbọ́n ẹnu ni ó ń tọ́, kì í ṣe ọwọ́. Ó sọ ohun tí aládùúgbò kò gbọdọ̀ ṣe. Kò sọ ohun tí ó gbọdọ̀ ṣe.

Èkejì ni pé màlúù tí kò nírù, Olúwa ní í bá a lé eṣinṣin. Ìtùnú ńlá ni fún ẹni tí kò ní olùrànlọ́wọ́. Síbẹ̀, ó yẹ kí a bi ara wa léèrè ẹni tí ń pa òwe náà. Bí màlúù fúnra rẹ̀ bá pa á, ìgbàgbọ́ ni. Bí darandaran tí ó ní pàṣán lọ́wọ́ bá pa á, àwáwí ni. Òwe kan náà, ẹnu méjì, ìtumọ̀ méjì: ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ máa fi òwe sí ẹnu ẹni tí ó pa á kí a tó túmọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí àwọn olùdánwò sábà máa ń kà mọ́ òwe ẹ̀sín: wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Ẹ̀sín kọ́. Òwe náà pín ayé sí ọ̀nà méjì, ó sì fi wọ́n dojú kọ ara wọn: ìhà kan ni awòran, ìhà kejì ni olómọ. Fún awòran, ọjà ni wèrè ti ń jó, inú rẹ̀ dùn, ó sì lè bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ nígbà tí ó bá sú u. Fún olómọ, kò sí ìgbà tí ijó ń parí. Ìlú kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé ‘àwùjọ’ ni ó ń tọ́jú aláìsàn gbọ́dọ̀ sọ èwo nínú àwọn méjì yìí ni ó ń jẹ́ àwùjọ. Òwe ti mọ̀ tipẹ́ pé àwọn tí ń wòran ni ó pọ̀ jù.

Ẹ̀kẹrin ni ó lágbára jù: ará ilé ẹni tí ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Níhìn-ín, a ti dárúkọ ẹni tí ó ni ẹrù: ará ilé ni. Ìdí tí ó fi jẹ́ tirẹ̀ kì í ṣe àánú, bí kò ṣe ògiri tí wọ́n jọ pín. Ilé ń tọ́jú nítorí pé ilé ni ó ń gbọ́ igbe òru. Ìyẹn ni agbára ìtọ́jú inú ilé. Ìyẹn náà sì ni àìlera rẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá sùn fún oṣù mẹ́fà yóò wá ọ̀nà tí yóò fi sùn, ì báà ṣe okùn, ì báà ṣe ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀.

Kì í ṣe àròsọ ni èyí. Ní ọdún 1964, oníṣègùn ọpọlọ Raymond Prince tẹ ìwádìí rẹ̀ lórí ìṣègùn àrùn ọpọlọ láàárín àwọn Yorùbá jáde. Ó ṣàpèjúwe ilé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ tí a ń kó aláìsàn lọ, tí wọ́n ń gbé ibẹ̀ fún oṣù púpọ̀, tí a ń fún wọn ní egbòogi asofẹ́yẹjẹ, tí a sì ń de àwọn tí ó bá le mọ́lẹ̀. Ilé ìtọ́jú ni ilé bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà. Nítorí náà, kò tọ̀nà láti sọ pé òyìnbó nìkan ni ó mú kíkó aláìsàn sí ojú kan wá. Ohun tí òyìnbó mú wá ni odi tí ìbátan kò lè wọ̀, bí irú èyí tí a dá sílẹ̀ ní Yábà ní ọdún 1907.

Ìlú tí ó ń Bọ́ Ifada

Bí òwe bá fura sí awòran, Wọlé Ṣóyínká fi í sórí ìtàgé. Nínú eré The Strong Breed, tí ó jáde ní ọdún 1963, ọmọkùnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ifada. Ọpọlọ rẹ̀ kò pé, kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí ó ti wá, ìlú sì gbà á sí àárín rẹ̀. Ẹni tí ó bá ka ìbẹ̀rẹ̀ eré náà lè rò pé àpẹẹrẹ rere ni ìlú yìí: àlejò tí kò lè dá nǹkan ṣe rí ibi orí rẹ̀ gbé. Ṣùgbọ́n alẹ́ ọdún tuntun pé, ìlú sì nílò ẹni tí yóò ru ẹ̀ṣẹ̀ ọdún jáde. Nígbà náà ni Oroge, ọ̀kan nínú àwọn àgbà, là á mọ́ Eman pé torí èyí gan-an ni ìlú ṣe ń gba irú àwọn bẹ́ẹ̀ sílé.

Ojú ibí yìí ni kókó eré náà wà fún ẹni tí ó bá ń ka ọ̀rọ̀ ìtọ́jú. Ìlú kò purọ́. Ní òótọ́ ni ó bọ́ Ifada. Ohun tí ó burú ni pé kò sí ẹnì kan pàtó tí Ifada jẹ́ ti rẹ̀. Ọmọ gbogbo ìlú ni, nítorí bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọmọ ẹnì kankan, kò sì sí ìyá tí yóò sunkún bí a bá fà á lọ. Ibi tí ìtàn ìwáṣẹ̀ dákẹ́ sí ni eré yìí ti bẹ̀rẹ̀: ẹni tí a yà sọ́tọ̀ fún ọ̀wọ̀ ti di ẹni tí a yà sọ́tọ̀ fún ẹbọ.

Eman, tí ó ń kọ́ni tí ó sì ń tọ́jú aláìsàn ní ìlú náà, ṣí ilẹ̀kùn fún Ifada. Ó gba ẹrù tí kò sí ẹni tí ó gbà. Ẹ̀mí rẹ̀ ni ó fi dí i. Púpọ̀ nínú àwọn aṣelámèyítọ́ ti yin ìwà akọni rẹ̀, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n eré náà kò sọ pé ilẹ̀kùn ẹnì kan tó. Igi kan kì í dágbó ṣe. Àánú ẹnì kan ṣoṣo tí kò ní ètò lẹ́yìn yóò pa aláàánú náà ni, ìlú yóò sì tún wá Ifada mìíràn ní ọdún tí ń bọ̀.

Afọ́jú Etí Omi

Eré kejì, The Swamp Dwellers, tí Ṣóyínká kọ tí a sì ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1958, gbé ìbéèrè náà lọ sí ibòmíràn. Etí omi ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n tí ìkún-omi sì ń ba oko jẹ́. Ẹni tí ó bá mọ Ìwopin àti àwọn ìlú tí ó wà létí ọ̀sà ní Ogun Waterside yóò mọ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ibòmíràn ni òǹkọ̀wé náà ní lọ́kàn. Alágbe kan tí ó fọ́jú fi ẹsẹ̀ rìn láti Òkè Ọya títí ó fi dé ilé Makuri àti Alu. Àwọn méjèèjì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n fẹ́ ṣe é lóore. Afọ́jú náà kò fẹ́ ọrẹ. Ilẹ̀ ni ó ń béèrè, kí ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ro ó. Ẹ̀rù ba Makuri, nítorí ti Ejò ni ilẹ̀ náà, Kadiye àwòrò sì ni ó ń ṣọ́ ọ. Nígbà tí Kadiye sì fẹ́ fún un ní owó, ó da igbá rẹ̀ dé.

Nínú gbogbo ohun tí a ti yẹ̀ wò, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹni tí a ń tọ́jú fọhùn. Ìtàn ìwáṣẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Òwe sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ifada kò lè sọ̀rọ̀ tí ìlú yóò gbọ́. Afọ́jú etí omi nìkan ni ó sọ ohun tí ó fẹ́, ohun náà kò sì sí nínú ohun tí onílé tàbí àwòrò ní láti fi fún un. Onílé nawọ́ oúnjẹ, àwòrò nawọ́ owó. Òun nawọ́ sí ọkọ́. Ilé ńkọ́, ilé ìtọ́jú ńkọ́? Àwọn méjèèjì ni ó lè kùnà bí wọ́n bá ń fún ènìyàn ní ohun gbogbo àfi ipò rẹ̀. Ọgọ́ta ọdún ó lé kan lẹ́yìn eré yìí, ní oṣù kìíní ọdún 2019, ni a buwọ́ lu òfin ilẹ̀ Nàìjíríà tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ aláàbọ̀ ara léèwọ̀, tí ó sì fún àwọn ilé ìlò gbogbo ènìyàn ní ọdún márùn-ún láti ṣe àtúnṣe kí aláàbọ̀ ara lè wọ̀ wọ́n. Ohun tí òfin náà ń lé ni afọ́jú náà ti béèrè: ọ̀nà àbáwọlé, kì í ṣe ọrẹ.

Aro: Níbi tí a ti Dárúkọ Ẹni tí yóò Gbé e

Ohun tí lítíréṣọ̀ béèrè ni ìtàn Aro gbìyànjú láti dáhùn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ilé àwọn alárùn ọpọlọ kan ti wà ní Láńtòrò ní Abẹ́òkúta, tí a gba àwọn ọmọ-ogun tí orí wọn dàrú sí. Ilé olódi ni. Ní ọdún 1954, Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó kọ́ ìṣègùn ní Birmingham tí ó sì kọ́ ìtọ́jú ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù, di olórí ilé-ìwòsàn tuntun tí a ń kọ́ ní Aro. Ilé náà kò tíì parí. Dípò kí ó dúró de odi, Lámbò tọ àwọn ará abúlé tí ó wà nítòsí lọ, ó sì bá wọn ṣe àdéhùn.

Ètò náà rọrùn láti ṣàlàyé. Aláìsàn yóò gbé ní abúlé, nínú yàrá tí a háyà lọ́wọ́ onílé. Kò gbọdọ̀ dá wá: ó kéré tán, ìbátan kan gbọ́dọ̀ bá a wá, kí ó máa se oúnjẹ rẹ̀, kí ó máa fọ aṣọ rẹ̀, kí ó sì máa mú un lọ sí ilé-ìwòsàn ní òwúrọ̀ kí ó sì mú un padà ní ọ̀sán. Ilé-ìwòsàn ń fún un ní oògùn. Ó tún ya àwọn ará abúlé lówó kí wọ́n lè kọ́ ilé kún ilé, ó mú omi ẹ̀rọ dé ọ̀dọ̀ wọn, ó sì tún àyíká ṣe. Lámbò tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra kí wọ́n lè bá a ṣiṣẹ́ pọ̀.

Bí a bá fi ojú àwọn òwe ìṣáájú wo ètò yìí, a ó rí ọgbọ́n rẹ̀. Olómọ kò dá nìkan wà mọ́, nítorí dókítà àti nọ́ọ̀sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Awòran kò wòran lásán mọ́, nítorí onílé ń gba owó ilé, abúlé sì ń mu omi ẹ̀rọ. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tí a lè dárúkọ. Kì í ṣe pé Lámbò sọ fún àwọn ará Aro pé kí wọ́n jẹ́ aláàánú. Ó pín ẹrù náà, ó sì fi owó sí ibi tí owó yẹ. Ní Geel, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, àwọn ìdílé ti ń gba alárùn ọpọlọ sílé láti ìgbà láéláé. Ṣùgbọ́n àlejò ni aláìsàn Geel lọ́dọ̀ onílé rẹ̀. Aro fi ìbátan kún un, ibẹ̀ ni ìmọ̀ Yorùbá ti hàn: ará ilé ni ó ń gbọ́ igbe òru.

Ìwádìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ní ìlú mẹ́sàn-án káàkiri ayé láti òpin àwọn ọdún 1960, tí Ìbàdàn jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, fi hàn lẹ́yìn ọdún méjì pé ara púpọ̀ nínú àwọn aláìsàn Ìbàdàn yá ju ti àwọn ìlú olówó kan lọ. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè fojú fo ipa ìdílé dá.

Àmọ́ ìyìn kò gbọdọ̀ bo ìbéèrè mọ́lẹ̀. Ta ni ìbátan tí ó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀? Bí agbo ilé kan ní Ìwopin bá ní aláìsàn bẹ́ẹ̀, Abẹ́òkúta jìnnà sí ọ̀sà. Ẹni tí yóò bá a lọ ni yóò fi àwọ̀n sílẹ̀ tàbí ẹja tí ó ń yan fún ọjà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìyá ni, tàbí aya, tàbí àbúrò obìnrin. Bí kò bá lè lọ, ohun tí ó kù nílé ni ìṣọ́ òru, àti okùn. Ìròyìn tí ẹgbẹ́ Human Rights Watch tẹ̀ jáde ní ọdún 2019, lẹ́yìn tí wọ́n ṣe ìbẹ̀wò sí ilé ìtọ́jú 28 ní Nàìjíríà, sọ nípa àwọn tí a fi ẹ̀wọ̀n dè. Ilé ìjọba wà nínú àwọn ibi tí wọ́n dé, ilé oníṣègùn ìbílẹ̀ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn ẹlẹ́sìn. Ẹ̀wọ̀n kò mọ ìyàtọ̀ láàárín àṣà wa àti tòyìnbó. Oṣù kìíní ọdún 2023 ni a tó buwọ́ lu òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, èyí tí ó rọ́pò òfin tí ó ti wà láti ọdún 1916.

Ìgúnlẹ̀

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ dáhùn ìbéèrè lórí kókó yìí dáradára gbọ́dọ̀ fi ìbéèrè mẹ́ta yẹ iṣẹ́ ọnà èyíkéyìí wò. Èkíní: ta ni ń wòran, ta sì ni olómọ? Èkejì: ta ni a dárúkọ pé yóò gbé ẹrù náà, kí ni a sì fi tì í lẹ́yìn? Ẹ̀kẹta: ǹjẹ́ ẹni tí a ń tọ́jú fọhùn, àbí gbogbo ayé ni ó ń bá a sọ̀rọ̀ lẹ́nu? Bí ó bá fi ìwọ̀nyí wo Òrìṣà-ńlá, yóò rí ọ̀wọ̀ láìsí oúnjẹ. Bí ó bá fi wọ́n wo ìlú Ifada, yóò rí oúnjẹ láìsí ìfẹ́. Bí ó bá fi wọ́n wo Eman, yóò rí ìfẹ́ láìsí àtìlẹ́yìn. Bí ó bá sì fi wọ́n wo Aro ti ọdún 1954, yóò rí ibi tí oúnjẹ, ìfẹ́ àti àtìlẹ́yìn ti pàdé fún ìgbà kan, àti iye tí ó ná ẹni tí ó tẹ̀lé aláìsàn wá.

Òrìṣà-ńlá jáwọ́ nínú ẹmu nígbà tí ó rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ìrònúpìwàdà ńlá ni. Ṣùgbọ́n arọ tí ó mọ ṣì wà lórí ilẹ̀, ilẹ̀ sì ti ṣú. Ẹni tí yóò gbé e wọlé ni ìtàn náà fi sílẹ̀ fún ọmọ ènìyàn láti dárúkọ.